Àwo orin Rich Mullins ti 1993: ṣé orin ẹ̀mí ni apá kejì rẹ̀?

Akọrin Alẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mi ò gbọ́ orin mìíràn àfi àwo kan ṣoṣo: A Liturgy, a Legacy & a Ragamuffin Band, tí Rich Mullins ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1993. Orin méjìlá ló wà nínú ẹ̀. Apá kan dà bí ìlànà ìsìn: ìyìn, àdúrà, ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, orin àlàáfíà nídìí tábìlì Olúwa. Apá kejì ló pè ní ogún: ilé tó ti jáde, àárọ̀ Kérésìmesì nígbà ọmọdé, ilẹ̀ tó ń gbé bí àtìpó. Èyí tó mú mi jù ni I'll Carry On. Ẹni tó ń kúrò nílé ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní orin tí àwọn jọ kọ́ ní kékeré, òun á gbé e dání lọ. Àpá ọgbẹ́ àwọn ìran tó ti kọjá, òun á gbé ìyẹn náà dání. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí orin yẹn dún, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ọkọ̀, mo jókòó sínú òkùnkùn títí ó fi parí, mo tún dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lórin ní ìjọ wa. Bí mo bá kọ́ wọn ní orin apá kejì yìí kí wọ́n kọ ọ́ níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣé orin ẹ̀mí ni àbí orin ayé?

Jagunmólú
Orin ayé ni. Ibi tí wọn ò bá ti dárúkọ Jésù, orin ayé ni. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá Ìbejì
Akọrin, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mi ò mọ nǹkan kan nípa orin, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ẹ pa nínú òkùnkùn yẹn ló dá mi dúró.

Ayọ̀mídé
Awesome God! Orin yẹn máa ń mú orí mi wú. Ẹ ṣé tí ẹ rán wa létí ọkùnrin yìí.

Bàbá Onídùùrù
Ayọ̀mídé, orin yẹn ò sí nínú àwo tí wọ́n ń sọ. 1988 ni ìyẹn jáde, nínú Winds of Heaven, Stuff of Earth. Jagunmólú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti gbọ́ àwo tí ẹ ń dá lẹ́jọ́ yìí? Orin kẹjọ, Hard, inú apá ogún náà ló wà. Ọkùnrin yẹn ń ka ìwà rere ara ẹ̀ sílẹ̀: iṣẹ́ òótọ́ lòun ń ṣe, òun kì í rẹ́ ìjọba jẹ lórí owó orí. Ìgbà tó wá rántí Pétérù àti Pọ́ọ̀lù ló rí i pé òun ò tó nǹkan, pé ó ṣòro láti dà bí Jésù. Orúkọ Jésù nìyẹn, ketekete.

Jagunmólú
Orin kan nínú mélòó? Ẹ tún ohun tí mo kọ kà. IBI TÍ WỌN Ò BÁ TI DÁRÚKỌ JÉSÙ, ORIN AYÉ NI.

Délé Gítà
Orin keje wá ńkọ́? 78 Eatonwood Green ò ní ọ̀rọ̀ kankan, dulcimer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń dún. Ṣé aláìgbàgbọ́ ni dulcimer ni?

Ẹ̀rín Kèékèé
Ẹ tètè gbé e lọ sódò kí wọ́n rì í bọmi kí ilẹ̀ tó ṣú 😂😂

Délé Gítà
Kí omi má wọ inú ẹ̀ o. Okùn ẹ̀ á dípẹtà.

Sístà Tọ́lá
Ẹ má bínú, kí ló ń jẹ́ dulcimer?

Délé Gítà
Àpótí pẹlẹbẹ onígi ni, sístà. Wọ́n ta okùn irin púpọ̀ sójú ẹ̀, òòlù kéékèèké méjì ni wọ́n sì fi ń lu okùn náà. Bí òjò bá ń kán sórí páànù, tí ìkán kọ̀ọ̀kan ní ohùn tiẹ̀, bó ṣe máa ń dún nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń gbé lé itan tún wà, títa ni wọ́n ń ta ìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Rich Mullins mọ méjèèjì. Bí ẹ bá gbọ́ orin ẹ̀ tí nǹkan kan ń tà wínrínwínrín lábẹ́ ohùn ẹ̀, òun ni.

Ẹ̀rín Kèékèé
Jagunmólú, ṣé òjò máa ń dárúkọ Jésù kó tó rọ̀?

Jagunmólú
Ẹ máa ṣeré. Ọjọ́ ìdájọ́ kì í ṣeré.

Tísà Bíọ́dún
Ẹ jẹ́ ká dá ẹni tó béèrè lóhùn. Jagunmólú, láti orí kìíní ìwé Ẹ́sítérì dé orí kẹwàá, wọn ò dárúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú èdè Hébérù tí wọ́n fi kọ ọ́. Inú Bíbélì ló ṣì wà. Ṣé kí á yọ ọ́ kúrò ni?

Jagunmólú
Ẹ́sítérì kì í ṣe orin.

Tísà Bíọ́dún
Ó dáa. Sáàmù 128 ńkọ́? Ìyàwó bí àjàrà eléso, àwọn ọmọ bí igi ólífì yí tábìlì ká, títí dórí ọmọ ọmọ. Orin ẹbí pọ́ńbélé nìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé orin ìgòkè ni.

Jagunmólú
Ẹsẹ kìíní Sáàmù 128, OLÚWA wà níbẹ̀. Ẹ lọ kà á. Ẹ̀yin gan-an lẹ gbè mí lẹ́yìn báyìí, ẹ ṣé.

Ìyàwó Pásítọ̀
Mo lọ wádìí ọkùnrin tí ẹ ń pariwo yìí. Kò gbéyàwó títí ó fi kú, kò bímọ. Kí ló wá mọ̀ nípa ẹbí tó ń kọrin lé lórí?

Ìyá Ìbejì
Màmá, ẹ má bínú o. Ẹni tí ò bímọ, ṣé kò ní bàbá ni? Ṣé kò ní ìyá? Méjì ni mo bí lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ bí wọ́n bá ní "ilé", ilé tí wọ́n bí mi sí ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Tísà Bíọ́dún
Pọ́ọ̀lù náà ò ní ìyàwó nígbà tó ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, òun ló sì ń kọ́ tọkọtaya bí wọ́n ṣe máa gbé.

Ìyàwó Pásítọ̀
Àpọ́sítélì ni Pọ́ọ̀lù. Ẹ má fi olórin wé Àpọ́sítélì mọ́, mo bẹ̀ yín.

Òtítọ́ Korò
Owó ni gbogbo wọn ń wá. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá kọrin bàbá àti ìyá, ẹkún á gbọn àwọn èèyàn, wọ́n á ra àwo.

Alákọsílẹ̀
Òtítọ́ Korò, ẹ ti ṣi ẹni mú. Ọkùnrin yìí sọ fún àwọn tó ń bójú tó owó ẹ̀ pé kí wọ́n máa san iye tí òṣìṣẹ́ lásán ń gbà ní Amẹ́ríkà fún òun, kí wọ́n fi ìyókù ṣàánú. Kò tilẹ̀ fẹ́ mọ iye tí àwo òun ń pa wọlé. Ní 1995 ló kó lọ sí ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn lórin. Ẹni tó ń wá owó kì í gba ọ̀nà ibẹ̀.

Òtítọ́ Korò
Ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún. Mi ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan.

Alákọsílẹ̀
Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà nílẹ̀.

Fún ẹni tó béèrè: ìjà tí ẹ dá sílẹ̀ yìí ti pẹ́ lọ́hùn-ún. Ní 1998, àwo Behind the Eyes tí Amy Grant, gbajúmọ̀ olórin Kristẹni ní Amẹ́ríkà, gbé jáde gba Dove, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún orin Kristẹni níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ló fárígá, wọ́n ní orúkọ Ọlọ́run ò hàn nínú ẹ̀ tó. Àwọn tó ń ta orin Kristẹni tilẹ̀ ní àpèjẹ́ kan, Jesus per minute, iye ìgbà tí orúkọ Jésù bọ́ sínú orin láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọdún 1998 yẹn kan náà ni Dove fi Rich Mullins ṣe olórin ọdún, ó ti kú nígbà yẹn.

Ẹ wò ó sẹ́yìn sí i. Orin ìjọ kan wà tí wọ́n kọ ní 1907, Will the Circle Be Unbroken. Ní 1935 ni àwọn Carter Family, ìdílé olórin láti òkè Virginia, gba á sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọmọ tó dúró lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí òtútù mú tí ojú ọ̀run sì ṣú, tó ń wo ọkọ̀ tó wá gbé òkú ìyá ẹ̀ lọ. Ọmọ náà ń bẹ awakọ̀ pé kó rọra máa wà á. Ẹ sọ fún mi, níbo ni ìyá ti parí tí Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀ nínú orin yẹn? Èmi ti gbọ́ ọ nígbà ìsìnkú, mo sì ti gbọ́ ọ nínú ìsìn, ẹnikẹ́ni ò dìde jáde.

Jagunmólú
Pé wọn ò dìde jáde ò ní kó má jẹ́ orin ayé.

Ayọ̀mídé
Orin tí mo fẹ́ràn jù nínú àwo yẹn ni How to Grow Up Big and Strong. Rich mọ orin kọ sílẹ̀!

Alákọsílẹ̀
Òun kọ́ ló kọ ìyẹn. Mark Heard ló ni ín, ó kú ní 1992, ọdún kan kí àwo yìí tó jáde.

Ayọ̀mídé
Háà. Ẹ ṣé, mi ò mọ̀.

Akọrin Alẹ́
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ẹ jẹ́ n fi kan kún un: nínú I'll Carry On tí mo sọ, ó ṣèlérí pé òun á máa gbàdúrà fún àwọn tí òun fi sílẹ̀. Kò pe orúkọ Jésù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbàdúrà, ta ló ń gbà á sí? Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́, méjì nínú wọn ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga níbòmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Àgùdà
Ẹ wò ó, gbogbo yín ń jà lórí apá kejì, ẹ fo orin karùn-ún. Creed. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì ló fi ṣe orin láti òkè dé ilẹ̀. Ta ló ń ka ìyẹn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi? Tiwa ni ọkùnrin yìí. Ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti wọ ìjọ Kátólíìkì ní Wichita kí ikú tó dé.

Bàbá Onídùùrù
Wàhálà dé. Ọmọ ìjọ Quaker, ìjọ Kristẹni kan tí wọ́n tún ń pè ní Friends, ni ìyá ẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló dàgbà sí. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Cincinnati ló lọ, Friends University tí àwọn Quaker dá sílẹ̀ ló sì ti gboyè orin ní 1995. Kò kú sínú ìjọ Àgùdà. Ẹ má gbé òkú olókùú.

Ọmọ Àgùdà
Àwọn Quaker ò ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n jọ ń kà nínú ìsìn. Níbo ló ti rí i? Ṣé ó já láti ọ̀run ni?

Bàbá Onídùùrù
Mẹ́tódíìsì ń kà á. Áńgílíkà ń kà á. Lútérà ń kà á. Èmi ti ń fi dùùrù gbè é láti ọdún méjìlélógún, mi ò sì wọ ìjọ Àgùdà rí. Ẹ tún lọ gbọ́ orin náà dáadáa: níbi tí ẹ ń wí pé "ìjọ Kátólíìkì mímọ́", òun ò wí bẹ́ẹ̀. Ìjọ mímọ́ kan ṣoṣo ló kọ. Ó yọ Kátólíìkì kúrò.

Ọmọ Àgùdà
Kò yọ ìdàpọ̀ àwọn ènìyàn mímọ́. Ẹ ò wí ìyẹn.

Bàbá Onídùùrù
Àwa náà ń wí ìyẹn! Kátólíìkì tó sì wà níbẹ̀ ò túmọ̀ sí ìjọ Àgùdà rárá, ìjọ gbogbo ayé ló túmọ̀ sí.

Ọmọ Àgùdà
Bí kò bá túmọ̀ sí Àgùdà, kí ló dé tí inú yín ń dùn pé ó yọ ọ́?

Ẹ̀rín Kèékèé
Ooooo! Ibí yìí dùn. Bàbá, ẹ mu omi díẹ̀.

Bàbá Onídùùrù
Inú mi ò dùn. Ohun tó kọ ni mo sọ.

Jagunmólú
Ẹ rí i? Ẹ̀yin tí ẹ ní orin ẹ̀mí ni, ìjà ni orin náà dá sílẹ̀. Ibi tí wọn ò bá ti

Jagunmólú
Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́ kó tó pé. IBI TÍ WỌN Ò BÁ TI DÁRÚKỌ JÉSÙ, ORIN AYÉ NI.

Tísà Bíọ́dún
Orin kẹrin nínú àwo yẹn, Hold Me Jesus ni orúkọ ẹ̀, Jagunmólú. Ó ní kí Jésù di òun mú torí òun ń gbọ̀n. Ṣé ẹ fẹ́ èyí tó ju ìyẹn lọ?

Jagunmólú
Ìyẹn dára. Mi ò bá ìyẹn jà rí.

Ọmọ Àgùdà
Bàbá Onídùùrù, ẹ má sá. Ẹni tó kọ eré olórin nípa ìgbésí ayé Francis mímọ́ ará Assisi, ẹni mímọ́ ìjọ wa, tó sì dá ẹgbẹ́ Kid Brothers of St. Frank sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, Quaker wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá Onídùùrù
Quaker tó fẹ́ràn Francis ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn Francis náà. Ẹ kò lè fi ìyẹn sọ mí di ọmọ ìjọ yín.

Ọmọ Àgùdà
Ẹ̀yin ò lọ bá àlùfáà láti kẹ́kọ̀ọ́ ìgbàwọlé. Òun lọ.

Bàbá Onídùùrù
Wọ́n ti gbà á wọlé kó tó kú àbí wọn ò tíì gbà á?

Ọmọ Àgùdà
Ìjàǹbá ọkọ̀ ló dá a dúró, ní Illinois, 19 oṣù kẹsàn-án 1997. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì.

Bàbá Onídùùrù
Ìbéèrè tí mo bi yín kọ́ nìyẹn. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ò tíì jókòó.

Ọmọ Àgùdà
Ẹni tó ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Ṣé ẹni tó ń padà sílé ló ń bọ́ bàtà?

Délé Gítà
Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé mo kọ́ gìtá nítorí ẹ̀, ẹ jẹ́ n bẹ̀ yín. Nínú orin Creed yẹn gan-an, ó ní òun kọ́ ni òun ṣe ìgbàgbọ́ yìí, ìgbàgbọ́ yìí ló ń ṣe òun. Ẹ̀yin méjèèjì wá ń fà á bí aṣọ.

Ọmọ Àgùdà
Ọ̀rọ̀ Chesterton, òǹkọ̀wé ará England, nìyẹn. Kátólíìkì ni Chesterton.

Bàbá Onídùùrù
Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Chesterton nígbà tó kọ ọ́! 1908 ni ìwé Orthodoxy jáde, 1922 ni Chesterton tó wọ ìjọ yín. Ẹ ò ní kó gbogbo èèyàn lọ mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí.

Ẹ̀rín Kèékèé
Dulcimer wá ńkọ́? Ìjọ wo lòun ń lọ?

Ọmọ Àgùdà
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà.

Ìyàwó Pásítọ̀
Àgùdà ló fẹ́ ṣe? Mo ti mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú àwo yẹn. Èmi ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa gbọ́ ọ.

Sístà Tọ́lá
Màmá, wọ́n ní kò wọ̀ ọ́ kó tó kú.

Ìyàwó Pásítọ̀
Ó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ọmọ Àgùdà
Ẹ gbọ́? Òun náà gbà pé ó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Òtítọ́ Korò
Ẹ̀sìn ni gbogbo yín ń ṣe, ẹ ò ní ìfẹ́. Ẹ padà sídìí owó tí mo sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin ní ìjọ, wọ́n ń san owó fún yín àbí wọn ò san án?

Délé Gítà
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì
Mo ti lọ gbọ́ ọ o. Àwọn ọmọ ti sùn, mo fi nǹkan sétí mi. Mo fẹ́ gbọ́ ti ẹni tó ń kúrò nílé, ìka mi sì tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, You Gotta Get Up. Ọmọdé ló jí láàárọ̀ Kérésìmesì, tó fẹ́ kí àwọn yòókù dìde, àmọ́ bàbá àti ìyá ti pẹ́ kí wọ́n tó sùn. Orin náà ò gùn. Ohùn ẹ̀ rọra, bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí kò fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Mo yọ nǹkan létí, mo lọ wo àwọn ìbejì mi. Taiwo ti gbé ẹsẹ̀ lé ọrùn Kẹ́hìndé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́.

Akọrin, ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Àwọn méjì tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn òbí wọn jókòó síwájú.

Jagunmólú
Kí wọ́n fi orúkọ Jésù kún un, kí wọ́n máa kọ ọ́. Mi ò ní kí wọ́n má kọrin.

Alákọsílẹ̀
Ẹ kò lè fi ọ̀rọ̀ kún orin ẹlòmíràn láìgba àṣẹ.

Jagunmólú
Orúkọ Jésù ń gba àṣẹ báyìí?

Bàbá Onídùùrù
Ọmọ Àgùdà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka èyí tí ẹ kọ nípa bàtà. Ẹni tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lè jẹ́ àlejò.

Ọmọ Àgùdà
Àlejò kì í bi onílé léèrè yàrá tí òun máa sùn. Mo ń dúró dè yín.